A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ṣíṣí Ilé Ìṣerunlóge Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe ni, ṣùgbọ́n òótọ́ gidi ni pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà lé gbogbo ayé wọlé, akọ̀wé jókòó sílé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kọ́ ọmọ lórí ẹ̀rọ, adájọ́ pàápàá gbọ́ ẹjọ́ láìjẹ́ pé ẹlẹ́jọ́ dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè gé irun ẹni tí kò jókòó síwájú onígbàjámọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin tí ó lè fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí onídìrí kí òun fúnra rẹ̀ wà nílé. Ọwọ́ oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kan orí oníbàárà, èémí àwọn méjèèjì yóò sì pàdé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé ìṣerunlóge fi ṣòro ju ti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ nígbà tí àrùn tí ń ti inú èémí ràn bá wọ ìlú.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti dé Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ káàkiri ayé. Nígbà tí ó di agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, òfin ìsémọ́lé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ṣe òfin tiwọn. Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, láàárín ìsémọ́lé náà gan-an. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, nígbà tí òfin ṣì de ìrìn òru àti ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá mọ bí èrò ti ń pọ̀ tó ní ilé onídìrí ní ọ̀sẹ̀ ọdún yóò mọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ yìí pàdánù.

Ẹni tí kò súnmọ́ iṣẹ́ náà lè rò pé ọ̀rọ̀ oge lásán ni, àti pé bí irun bá wú fún oṣù mẹ́ta kò ní pa ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Láti Sókótó dé Kàlàbá, láti Màídúgùrì dé Èkó, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí àdúgbò tí kò ní ilé onídìrí tàbí ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ní ilẹ̀ Haúsá, wánzámì ti ń fá orí ọmọ tuntun láti ayébáyé, kí ẹ̀rọ ìgẹrun oníná tó dé. Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin tí kò rí owó ilé-ìwé san lè kọ́, kí ó gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì fi tọ́ ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́: ohun tí oníṣẹ́ rí lónìí ni yóò fi ra gàrí lọ́la. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ìsinmi tí ẹnikẹ́ni ń san owó fún. Ọ̀gá ní owó ilé láti san. Ọmọ iṣẹ́ ń wojú ohun tí oníbàárà bá fi ta á lọ́rẹ. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ìkòkò méjèèjì ni ó dojú dé.

Ìdí kejì tún wà tí títì pátápátá kò fi lè pẹ́: irun kò gbọ́ òfin, ó ń hù. Bí ilé onídìrí bá tì, oníbàárà a pè é wá sílé. Iṣẹ́ náà yóò wáyé nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ojú aládùúgbò, pẹ̀lú ìyá àgbà àti àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó yí wọn ká. Iṣẹ́ kò dúró. Ojú tí ó lè máa ṣọ́ ọ ni ó kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó kan ìlú kì í ṣe bóyá kí ilé ìṣerunlóge ṣí tàbí kí ó má ṣí. Ìbéèrè náà ni pé: báwo ni yóò ṣe ṣí tí kò fi ní pa oníṣẹ́ tàbí oníbàárà lára, tí apá oníṣẹ́ yóò sì fi máa ká ìlànà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Pàjáwìrì ọdún 2020 ti kọjá, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè yìí kò gbọdọ̀ bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òmíràn yóò kan ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù jù ni ohun tí ọwọ́ bá kàn: owó, ọwọ́ ìlẹ̀kùn, apá àga. Wọ́n ń nu àga títí ọ̀dà fi ń bó lára rẹ̀. Bí ìwádìí ti ń pọ̀ sí i ni ó hàn pé inú afẹ́fẹ́ ni ewu tí ó tóbi jù wà. Nígbà tí ẹni tí ó ní àrùn náà bá ń mí, tí ó bá ń sọ̀rọ̀, tí ó bá ń rẹ́rìn-ín tàbí tí ó bá ń wúkọ́, omi kíńkínní a máa ti ẹnu àti imú rẹ̀ jáde. Èyí tí ó tóbi díẹ̀ nínú rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Èyí tí ó kéré jù, tí ojú kò lè rí, a máa fò kiri nínú yàrá fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, kí ó rántí èéfín igi nínú ilé ìdáná. Bí ilé ìdáná bá ní ojú méjì tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, èéfín kì í dúró. Bí ó bá jẹ́ yàrá tí ó ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo, bí iná kò tilẹ̀ pọ̀, láìpẹ́ ojú gbogbo ará ilé yóò máa ṣomi.

Ohun mẹ́rin ni ó ń pinnu bóyá ènìyàn yóò kó irú àrùn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá: iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀, iye wákàtí tí wọ́n lò pọ̀, bí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tí ó ń jáde, àti ohun tí ó bo ẹnu àti imú wọn. Ìṣòro kan sì tún wà: ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò wúkọ́ rárá, lè máa kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà láti wo ìgbóná ara kò lè dá gbogbo aláìsàn mọ̀. Ó dára fún ojú. Àbò tí ó wà nínú rẹ̀ kéré.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ìlú Springfield wá, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, aṣerunlóge méjì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà níbẹ̀. Ara èkínní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọjọ́ 12 oṣù náà, ti èkejì ní ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lọ títí di ọjọ́ 20, nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn kòrónà ni. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ti fọwọ́ kàn lórí láàárín ìgbà náà jẹ́ 139. Ẹnikẹ́ni ni ì bá rò pé àrùn náà yóò jà láàárín wọn bí iná ọyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 14, kò sì sí ọ̀kan tí àmì àrùn hàn lára rẹ̀. Àwọn 67 tí wọ́n gbà kí a ṣe àyẹ̀wò fún wọn, kò sí ọ̀kan tí ó ní in. Ohun tí ó fà á ni pé òfin ìlú náà ní kí gbogbo ènìyàn lo ìbòmú nínú ilé ìṣerunlóge, oníṣẹ́ àti oníbàárà sì pa á mọ́.

Apá kejì ìtàn náà ni ó yẹ kí gbogbo onídìrí kọ sí ara ògiri. Àwọn aṣerunlóge méjèèjì a máa yọ ìbòmú wọn nígbà tí oníbàárà kan bá lọ tí òmíràn kò tíì dé, wọn a sì jọ máa sọ̀rọ̀. Ènìyàn 4 tí wọ́n súnmọ́ aṣerunlóge àkọ́kọ́ nínú ìdílé àti ilé rẹ̀ ni àyẹ̀wò sì fi hàn lẹ́yìn náà pé wọ́n ti kó o. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, ìbòmú wà, oníbàárà 139 sì bọ́. Nígbà ìsinmi àti nínú ilé, ìbòmú kò sí. Èyí kọ́ wa pé kì í ṣe orí oníbàárà nìkan ni ewu wà. Ó wà nínú oúnjẹ ọ̀sán tí àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ ń jẹ, àti nínú ẹ̀rín tí wọ́n jọ ń rín nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Síbẹ̀, a kò lè gbé ti Springfield wá sílé bí ó ti rí. Ìgẹrun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 45 ni oníbàárà ń lò lórí àga. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ di irun kéékèèké pẹ̀lú àtàṣímẹ́ǹtì lè jókòó fún wákàtí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta yóò sì dúró tì í lórí kí ó lè tètè parí. Àwọn mìíràn ń dúró de àyè lórí pákó. Ọ̀kan gbé ọmọ pọ̀n, ọ̀kan ń wo tẹlifíṣọ̀n, oníṣòwò kan yà wọlé láti ta ṣòkòtò, ọ̀rẹ́ kan yà wọlé láti kí. Ìsọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ yàrá kékeré kan nínú ọjà, tí ó ní ìlẹ̀kùn kan níwájú tí kò sì ní fèrèsé lẹ́yìn. Bí ìbòmú bá tó fún ìṣẹ́jú 15, kò lè dá dúró fún wákàtí mẹ́fà. Ó nílò olùrànlọ́wọ́.

Olùrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́, òun sì ni ó pọ́n owó jù. Ilé tí ó ní fèrèsé kí ó ṣí i. Ìsọ̀ tí kò ní ju ìlẹ̀kùn kan lọ, kí ó gbé àga jáde sí abẹ́ àtíbàbà tàbí ìbòji igi. Àwọn ìyá wa kò di irun nínú yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti abẹ́ igi ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìmọ̀ àrùn. Bí fáànù bá wà, kí a gbé e sí ibi tí yóò ti máa ti afẹ́fẹ́ inú ilé jáde síta, kí ó má ṣe máa fẹ́ èémí ẹnìkan sí ojú ẹlòmíràn. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: ẹ̀rọ amúnáwá. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé, ẹni tí ó ṣí fèrèsé nítorí àrùn ti ṣílẹ̀kùn fún èéfín tí kò ní òórùn, tí ń pa ènìyàn láìpariwo. Kí ẹ̀rọ náà jìnnà sí ilé, kí ẹnu ihò èéfín rẹ̀ sì kọjú sí ibòmíràn.

Olùrànlọ́wọ́ kejì ni iye ènìyàn àti àkókò. Kò sí ìdí tí oníbàárà mẹ́fà yóò fi jókòó de àga méjì nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Kí oníbàárà pè kí ó gba àkókò, kí ó wá nígbà tí ó bá kàn án, kí ó wá ní òun nìkan. Ẹni tí ó bá ń dúró, kí ó dúró síta. Nígbà tí àrùn bá ń jà gidigidi, kí a fi irun tí ń gba wákàtí mẹ́fà sílẹ̀, kí a ṣe ṣùkú tàbí kọ̀lẹ́sẹ̀ tí kò pẹ́ kí ó tó parí. Fífá irùngbọ̀n àti títọ́jú ojú, tí ènìyàn kò lè ṣe kí ó má yọ ìbòmú, lè dúró di ìgbà tí ara bá rọ ìlú.

Ìbòmú ni ẹ̀kẹta. Kí ó bo imú àti ẹnu pọ̀. Èyí tí ó wà ní àgbọ̀n kò yàtọ̀ sí fìlà. Kí oníbàárà mú tirẹ̀ wá láti ilé, kí oníṣẹ́ sì ní tó mẹ́ta kí ó lè máa fọ èyí tí ó bá tutù. Nígbà tí onígbàjámọ̀ bá fẹ́ gé ẹ̀gbẹ́ etí, oníbàárà lè tú okùn kúrò létí kí ó fi ọwọ́ di ìbòmú náà mú sí ojú rẹ̀. Ní àkókò oúnjẹ, kí àwọn oníṣẹ́ jẹ ẹ́ níta, kí wọ́n sì jìnnà síra. Ọ̀rọ̀ Springfield ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ àti irinṣẹ́. Fífi ọṣẹ àti omi wẹ ọwọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 ṣáájú oníbàárà kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn rẹ̀ tó, kò di dandan kí oníṣẹ́ ra oògùn ọwọ́ tí ó wọ́n. Aṣọ ìnura kan fún ẹnìkan, kí a sì fọ̀ ọ́ kí ẹlòmíràn tó lò ó. Kí a fi ọṣẹ fọ òòyà àti ìlarun kí a tó rẹ wọ́n sínú omi bílíìṣì, nítorí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ohun tí ó ní òróró àti irun. Bí bílíìṣì náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára, ife 1 rẹ̀ sí ife omi 6 tó fún irinṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ lè ti kàn. Fún àga àti tábìlì, ife 1 sí ife omi 34 tó. Kí a pò ó tuntun lójoojúmọ́, nítorí agbára rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ̀rọ ìgẹrun tí ó jẹ́ irin, tí bílíìṣì lè mú dípẹtà, sípírítì ni kí a fi nù ún.

Ìkìlọ̀ kan gbọ́dọ̀ bá èyí rìn. Ọ̀pọ̀ oògùn tí a fi ń rẹ irun láró ní amóníà nínú. Bí bílíìṣì bá pàdé amóníà nínú abọ́ kan náà, afẹ́fẹ́ olóró ni yóò ti ibẹ̀ jáde, èyí tí ń dí ènìyàn ní ọ̀nà ọ̀fun tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Oníṣẹ́ tí ń sá fún àrùn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ po májèlé. Kí abọ́ bílíìṣì wà lọ́tọ̀, kí ti aró irun sì wà lọ́tọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ó rọrùn jù láti sọ, òun ni ó sì ṣòro jù láti ṣe: kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá má wá síbi iṣẹ́. Aṣerunlóge méjèèjì ní Springfield mọ̀ pé ara àwọn kò dá, síbẹ̀ wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí yóò bá wọn wí, kí ó rántí ọmọ iṣẹ́ tí kò ní jẹun lálẹ́ bí kò bá jáde lówùúrọ̀. Ìlànà tí ó ní kí aláìsàn jókòó sílé láìsí ohun tí yóò jẹ, ìlànà tí yóò kọ́ ènìyàn láti máa fi àìsàn pamọ́ ni. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú ìmọ̀ ìṣègùn tí ó wọ inú àpò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá ní àga 4, tí ó sì ń ṣe irun ènìyàn 8 lójúmọ́, tí òfin wá ní kí ó lo àga 2 péré, ènìyàn 4 ni yóò kù fún un. Owó ilé rẹ̀ kò dín sí ìdajì, owó epo ẹ̀rọ amúnáwá kò dín, ọṣẹ àti bílíìṣì tún kún un. Bí ó bá sọ owó irun di ìlọ́po méjì, oníbàárà yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò pa òfin mọ́. Báyìí ni ẹni tí ó ń ṣe dáadáa yóò ṣe kọ́kọ́ kógbá wọlé, tí aláìbìkítà yóò sì jèrè. Àbò tí kò bá àpò mu, ìgbà tí olùbẹ̀wò bá yọ nìkan ni yóò máa wà.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ilé onídìrí ń kún, nígbà tí ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń ṣófo. Bí ọ̀gá bá dín owó díẹ̀ fún ẹni tí ó bá wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, oníbàárà yóò pín ara wọn káàkiri ọjọ́ mẹ́fà dípò ọjọ́ méjì. Èrò yóò dín, owó kò sì ní dín tó bí a ti rò. Ìjọba pẹ̀lú lè ràn án lọ́wọ́ nípa pé kí òfin má ṣe gé ọjọ́ kúrú ju bí ó ti yẹ. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ alẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, kò sí ọgbọ́n tí òṣìṣẹ́ tí ń ti ọ́fíìsì dé ní ìrọ̀lẹ́ lè dá ju kí ó bá ogunlọ́gọ̀ pàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òfin tí ó fẹ́ tú èrò ká lè kó èrò jọ bí a kò bá fi ọgbọ́n ṣe é.

Kò sí orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún. Gánà tú ìsémọ́lé Àkírà àti Kùmásí ká ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2020, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ìyà tí ń jẹ tálákà wà lára ìdí tí Ààrẹ Nana Akufo-Addo sọ. Ní Jámánì, ilé ìṣerunlóge ṣí pẹ̀lú ìbòmú dandan ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2020, ọjọ́ kan náà tí ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní Èkó àti Àbújá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn tún ru sókè ní ìgbà òtútù, wọ́n tún tì wọ́n pa ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, wọn kò sì ṣí títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2021. Ìjọba ibẹ̀ lágbára láti san owó fún ẹni tí ó ní kí ó tì. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ya ₦75 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ ní ọdún 2020 fún ìrànlọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí orúkọ wọn wọlé ní ₦30,000, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣe ìrànlọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ohun tí a lè fi ti ilé fún oṣù mẹ́ta. Ilẹ̀ tí kò lè san owó títì gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣí ire.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé àrùn kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí àrùn bá lọ ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ní ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje, garawa omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà káàkiri. Ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni wọ́n sì kéde pé ó ti tán nílẹ̀ yìí. Bí ó ti tán ni ọ̀pọ̀ garawa náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí kòrónà dé, àfi bí ẹni pé a kò rí irú rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àrùn kan kò lọ rárá. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà ni kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B wà lára rẹ̀. Kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lára ohun tí ẹ̀jẹ̀ tí ó gbẹ wà, abẹ tí ó gé ẹnìkan díẹ̀ sì lè gbé e dé ara ẹlòmíràn. Làpálàpá orí ọmọdé a máa ti ara ìlarun àti ẹ̀rọ ìgẹrun rìn. Nítorí náà, abẹ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan, òòyà tí a fọ̀, fèrèsé tí ó ṣí, àti oníbàárà tí ó gba àkókò kí ó tó wá, kì í ṣe àṣà ìgbà àjàkálẹ̀ nìkan. Ilé tí ó bá ti mú wọn mọ́ra kò ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí àrùn tuntun bá dé; fèrèsé rẹ̀ ti ṣí tẹ́lẹ̀.

Ta ni yóò wá mú ìlànà náà dúró? Ọlọ́pàá kò lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbogbo onídìrí láti Kánò dé Pọtá. Ẹgbẹ́ àwọn onídìrí àti ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ ni ó lè ṣe é. Wọ́n ń pàdé, wọ́n mọ ara wọn lórúkọ, wọ́n ń dá owó irun, wọ́n sì ń bá ẹni tí ó bá ṣẹ̀ wí. Bí wọ́n bá ń dá owó àjọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, aláìsàn yóò lè jókòó sílé láìsí ebi. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbẹ́ kànga fún ọjà, tí ó sì yọ̀ǹda àyè fún àtíbàbà níwájú ìsọ̀, ó ti ṣe ju ẹni tí ó tẹ ìwé òfin ọgọ́rùn-ún lọ. Oníbàárà pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: kí ó má bínú nígbà tí wọ́n bá ní kí ó dúró síta, kí ó sì yẹra fún ìsọ̀ tí kò bìkítà.

Àwọn tí ń ṣe òfin ni òwe àtijọ́ náà tún ń bá wí ní ìparí. Ìlànà tí wọ́n jókòó ṣe ní ọ́fíìsì tí ó tutù, láìpe ẹni tí ó mọ iye wákàtí tí irun kan ń gbà àti iye tí gálọ́ọ̀nù epo kan ń jẹ, kì í pẹ́ kí ó tó di ìwé lára ògiri. Kí wọ́n pe onídìrí àti onígbàjámọ̀ sí ìpàdé kí àrùn mìíràn tó dé, nítorí a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.